Kámẹ́rà Tó Lè Dúró Nínú Òjò

Ohun tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi láti ṣe ni kí n máa ri nǹkan bọ omi. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ọ̀tà ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, irú èyí tí àwọn elépo pupa ń lò, iṣẹ́ tèmi sì ni láti mọ èyí tó ń jò kó tó jáde ní géètì. A máa ti rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, a máa dí i pa, a máa tẹ̀ ẹ́ rì sínú ọpọ́n omi ńlá kan. Tí róbótó afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo bá yọ gòkè lára rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì náà ti di àlòkù láìlò nìyẹn, a máa jù ú sẹ́yìn kí wọ́n lọ yọ́ ọ padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é débi pé ó ti mọ́ mi lára. Èmi kì í gba ohun tí èèyàn bá sọ fún mi gbọ́ bọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé tí ọkùnrin bá wá fẹ́ mi, màá kọ́kọ́ rì í sómi ná. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Ìyá mi ló sọ mí di ẹni tó ń wá kámẹ́rà kiri. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, tí mo lọ kó ẹrù rẹ̀ láti abúlé wa ní Ọ̀ṣun wá sínú yàrá àti pálọ̀ tí mo háyà ní Ṣàngó. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bá gẹ̀gẹ̀ náà níbẹ̀ ni o, a jọ dàgbà ni ká sọ. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan, dípò kó máa tóbi síta, inú ló ń tóbi sí. Tí ìyá mi bá ń mí, ọ̀fun rẹ̀ á máa súfèé. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kó jókòó ti ìrọ̀rí. Dókítà wò ó, ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti ń fún ọ̀nà èémí pọ̀, àfi kí wọ́n gé e. Ó ní iṣẹ́ abẹ tí àwọn máa ń ṣe yọrí ni, àmọ́ nítorí ọjọ́ orí màmá àti ibi tí nǹkan náà fara pamọ́ sí, òun ò ní í fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n mú ọjọ́ fún wa sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Òun ò ní í fọwọ́ sọ̀yà. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé, òun ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo sì ń gbé jókòó sídìí oúnjẹ. Ẹ̀rù bà mí. Kò sí ọ̀nà míì tí mo fẹ́ gbà sọ ọ́.

Ẹ̀rù yẹn ló mú mi dé ìdí àpótí tí àwọn fọ́tò ilé wa wà. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni, ojú tí mo mọ̀. Mo tú gbogbo fọ́tò ibẹ̀, mi ò rí i. Ẹni tó wà nínú wọn jọ ìyá mi, ṣùgbọ́n òun kọ́. Ó dúró gbọin, ó fún ẹnu pọ̀, ó tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní kóòtù, ìborùn sì wé mọ́ ọrùn rẹ̀ títí dé àgbọ̀n. Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ọjọ́ tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó sọ fún mi nígbà kan pé onífọ́tò tó kọ́kọ́ ya òun nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ní òun kò gbọ́dọ̀ mí, òun kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú. Ó ní tí òun bá rẹ́rìn-ín, fíìmù á bàjẹ́, owó bàbá òun á sì wọgbó. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé nǹkan sókè sí i, ó máa ń bọ́ ẹ̀rín sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò kì í ṣe nǹkan eré, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹlẹ́rìn-ín ni ìyá mi. Ẹ kàn máa dúró de òjò ni. Omi kànga-ẹ̀rọ àdúgbò wa ń rùn bí irin, ó sì máa ń sọ aṣọ funfun di pupa. Nítorí náà, tí ẹ̀kán òjò bá ti kan páànù, màmá á ti kó bàsíà, á kó ìkòkò, á tò wọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kò ní í wọlé mọ́. Á tú ìborùn ọrùn rẹ̀, á gbé ojú sókè, á jẹ́ kí òjò máa lù ú, á máa rẹ́rìn-ín kíkankíkan, á máa pe àwọn ará ilé tó sá sábẹ́ bàràǹdà ní ojo. Ó ní gbogbo ayé ló máa ń wo ọrùn òun kí wọ́n tó kí òun, àfi òjò. Mo ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wo ìyẹn láìmọye ìgbà, tí màá máa pariwo pé òtútù á mú wọn o. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n yà á.

Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́. Ọ̀kan péré. Ìyá mi nínú òjò, tó ń rẹ́rìn-ín, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé.

Fóònù kọ́ ló máa bá mi ṣe é. Òjò kan ti bá mi ní Toll Gate lọ́dún tó kọjá, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀. Mo fi ọ̀rá wé fóònù mi, mo tún kì í bọ àyà, síbẹ̀ kí n tó délé ó ti mu omi yó. Gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ bá a lọ, títí kan èyí tí mo ya bàbá wa kẹ́yìn. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Mi ò tún ní í fi fóònù dán òjò wò láéláé, èyí tí mo ń lò báyìí gan-an kì í fẹ́ rí ìrì.

Ní ọjọ́ kan tí mo ṣe ṣíìfù àárọ̀, mo gba ìsàlẹ̀ bíríìjì Ṣàngó lọ, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ pàtẹ sí. Mo ti sọ fún ara mi pé ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí omi má wọ̀ ọ́, kí ojú èèyàn hàn kedere nínú rẹ̀, kó má sì gba gbogbo owó tí a ń tọ́jú de ilé ìwòsàn. Àṣé àwọn nǹkan yẹn kì í fẹ́ gbé pọ̀.

Ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ fi àpò ọ̀rá kan hàn mí, èyí tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀, tí wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn. Owó rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki fóònù mi sí i, tí mo fi ìka tútù tẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn, ọ̀rá náà sì ti ń làágùn nínú. Àti pé, ta ló máa gbà mí tí fóònù kejì bá tún lọ? Ṣọ́ọ̀bù kejì ní kámẹ́rà onífíìmù kan tí wọ́n fi ike gaara bò, èyí tí èèyàn máa ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wù mí, ṣùgbọ́n níbo ni mo fẹ́ fọ fíìmù sí ní Ọ̀tà lóde òní? Ọkùnrin tó máa ń bá wa fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù báyìí. Èyí tó burú jù fún oníyọnu bíi tèmi ni pé màá yà á tán, mi ò sì ní í mọ̀ bóyá ó jáde títí di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Rárá o.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré tó dà bíi páálí ìṣáná, tí àwọn ọlọ́kadà tó fẹ́ràn fààjì ń so mọ́ àkẹtẹ̀ irin orí wọn. Tuntun ni, kò sì wọ́n. Àmọ́ kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ kò lè gba omi, àpótí ike tí wọ́n fi bò ó ló ń gbà á sílẹ̀. Mo gbé e sókè wo ọkùnrin kan tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo abẹ́ bíríìjì ló wọlé, títí kan tírélà tó ń kọjá, ojú ọkùnrin náà sì kéré bí hóró ẹ̀wà. Ojú ìyá mi ni mo wá ra nǹkan tìtorí rẹ̀, kì í ṣe páànù ilé onílé.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni mo ti wá rí èyí tó wọ̀ mí lójú. Àwọ̀ ọsàn ni, ó sì ki pọ́pọ́ lọ́wọ́. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré kan lábẹ́ tí bátìrì ń gbà wọlé, rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu ilẹ̀kùn náà ká, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń tì í. Tòkúnbọ̀ ni, ara rẹ̀ ti ha, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ débi tí ọwọ́ mi lè tó.

"Àǹtí, èyí yìí, ẹ gbé e wọ òkun, ẹ gbé e wọ ọ̀sà, no shaking," ó wí.

"Ẹ gbé omi wá," mo ní.

"Omi wo?"

"Omi tí màá rì í sí."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbé ọmọ rẹ̀ wá. "Àǹtí, tó bá ti lè wọ omi, tiyín ni o. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ṣé ẹ ò gba ohun tí ẹ ń tà gbọ́ ni?"

"Èmi gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbà á gbọ́."

Mo ní tí mi ò bá rì í, mi ò rà á. Ó ní tí mo bá rì í, mo ti rà á nìyẹn. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò wá. Níkẹyìn inú bí i. Ó fi aṣọ nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà, ó tì í lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó yá garawa omi lọ́wọ́ obìnrin tó ń din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nítòsí, ó gbé e síwájú mi. "Ó yá. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é."

Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ rì, mo tẹ orí ba, mo ń wò. Róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n gòkè wá, wọ́n bẹ́.

Mo yọ ọ́ sókè. "Ó ń jò!"

"Kí ló ń jò? Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bọ́tìnnì nìyẹn kẹ̀!" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nu ara rẹ̀ gbẹ, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi ìka nu inú rẹ̀, ó wá na ìka gbígbẹ náà síwájú imú mi. "Àǹtí, ẹ wò ó. Ṣé omi nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyí. Mo mọ ohun tó bá ń jò."

Mo fi í sílẹ̀ tòun ti garawa onígarawa, mo gun ọ̀kadà lọ sílé. Inú mi ń dùn lọ́nà pé kò sẹ́ni tó lè lù mí ní jìbìtì ní Ṣàngó yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni òjò rọ̀. Kì í ṣe òjò wínníwínní o, òjò àkọ́rọ̀ gidi, tí atẹ́gùn ṣáájú rẹ̀ tó sì ń ti ilẹ̀kùn àwọn èèyàn. Kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ tán, màmá ti wà níta. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó gbójú sókè, ẹ̀rín náà sì bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ sunkún. Kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi já, tí ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé, tó fi ọwọ́ kan gbá ògiri mú. Mo sá lọ bá a, mo mú un wọlé, mo fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún lára. Kò tètè rẹ̀ ẹ́ báyẹn rí nínú òjò. Gbogbo bí mo ṣe ń nù ún, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí èyí bá jẹ́ ìgbà ìkẹyìn ńkọ́, tó sì jẹ́ pé nítorí róbótó afẹ́fẹ́ ni mi ò fi rí i yà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Ìfọ̀, wá wo màmá. Nígbà tó fẹ́ lọ, mo sìn ín dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà fún un.

"Kámẹ́rà? Ní irú àkókò yìí?"

"Mo kàn fẹ́ ya màmá ni."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ yìí. Ìyá tí wọ́n fẹ́ gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọmọ rẹ̀ wá ń sáré kiri wá fọ́tò tó dáa. Ṣé o ò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe ni?"

Mo mọ̀. Kò sí ògiri kan ní Ṣàngó tí kò ní pósítà ìsìnkú lára, bàbá àti ìyá arúgbó tí wọ́n tẹjú mọ́ èèyàn láti orí ògiri. Tí àgbàlagbà bá ti ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ á máa wá fọ́tò lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà wá a tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí ọ̀pọ̀ àgbà tí ọmọ bá ṣàdédé ní kí wọ́n múra wá ya fọ́tò. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn o, èmi ò sọ ọ́," mo dáhùn, ohùn mi sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ kí ti àbúrò lọ. "Ẹ̀rín wọn ni mo fẹ́. Ta ló ń fi ẹ̀rín ṣe pósítà?"

"Má bínú. Mi ò fẹ́ kí màmá gbọ́ ni."

Ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mi ò lè búra pé irọ́ ló pa. Tí mo bá gbà lóòótọ́ pé ìyá mi ń padà bọ̀ wálé, kí ni mo ń kánjú fún? Òjò á ṣì rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Òjò á rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń sáré mú nǹkan pamọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé nǹkan náà ń lọ ni? Mo gbìyànjú láti má rò ó. Ńṣe ló dà bíi pé mo ń tẹ ike òfìfo rì sínú omi, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ta padà.

Ní ọjọ́ kejì, níbi iṣẹ́, mo ń dúró kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wá, ọwọ́ mi wà nínú ọpọ́n omi. Mo ṣàdédé wo apá mi. Róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀ jìngbìnnì, wọ́n sì ń já bọ́ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ọwọ́ náà, mo tún un rì, ohun kan náà ni mo rí. Ṣé èmi náà ń jò ni? Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Kẹ́ẹ̀gì, àwa là ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, kò sí ibòmíì tí róbótó lè ti wá ju inú lọ. Ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kámẹ́rà? Afẹ́fẹ́ tó sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì ni mo ti torí rẹ̀ fi nǹkan tó dáa sílẹ̀. Ojú tì mí, mo tún bínú sí ara mi, mo sì bínú sí ọpọ́n omi náà pẹ̀lú.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, mo ní màmá ń retí mi, èyí kì í kúkú ṣe irọ́. Mo gba ọ̀nà Ṣàngó lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n á ti rà á. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà rí mi lókèèrè, ó dìde dúró.

"Àǹtí! Ṣé kóòtù yín ti dá a sílẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ó ṣì wà?"

Ó wà. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́rùn ná, ó tún pe obìnrin onípọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kó wá bá a wò mí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní irun kan ṣoṣo tàbí hóró iyanrìn tó bá wà lára rọ́bà yẹn tó láti pa á. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, kí n sì fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́yìn lílò. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà tí mo wá ní kámẹ́rà, òjò ò rọ̀ mọ́. Mi ò tíì rí irú rẹ̀. Oòrùn mú, eruku tírélà bo gbogbo òpópónà, ìkùukùu á ṣú lọ́wọ́ Ọ̀tà, á wá kọjá lórí wa lọ sọ́nà Ìfọ̀. Ìjọ kan lẹ́yìn ilé wa ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀ sórí ètò Àjíǹde tí wọ́n fẹ́ ṣe ní gbangba. Èmi náà ń gbàdúrà kó rọ̀. Ó jọ pé tiwọn ló kọ́kọ́ dé. Mo tọ́jú kámẹ́rà náà sínú báàgì iṣẹ́ mi nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ, n kò fẹ́ kí màmá rí i. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí i wo rọ́bà rẹ̀ bóyá iyanrìn wà níbẹ̀, màá tún fẹ́nu fẹ́ ẹ, màá tún wá máa bẹ̀rù pé itọ́ mi ti kán sí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìfé ọ̀fun ìyá mi ń le sí i. Ọdún Àjíǹde dé, ó kọjá. Gbogbo ohun tó kù ni òpin ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà la máa lọ gba bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni páànù dún. Mo rò pé ẹyẹ ni. Ó tún dún, lẹ́yìn náà òjò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo màmá. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ òjò náà, kò dìde. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ti apá àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó mú bàsíà kan péré, ó jáde.

Mo yọ kámẹ́rà, mo tì í lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ wò ó bóyá ó tì, mo sì bọ́ sínú òjò. Bàsíà ti wà nílẹ̀. Màmá ti tú ìborùn, ó ti ń gbójú sókè, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là. Mo gbé kámẹ́rà sókè. Ìgbà náà ló yíjú sí mi.

Ó fa ìborùn tútù náà padà bo ọrùn, ó wé e dé àgbọ̀n. Ó kó ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó fún ẹnu pọ̀. Nínú gbogbo àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò yẹn, ìyá mi dúró gbọin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

"Yà á kíá, òjò ń wọ̀ mí lójú."

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Wọn kì í rẹ́rìn-ín lára pósítà."

Ọwọ́ mi wálẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé ọrùn mi ló ń dùn mí àbí etí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ẹkún sì ti ń gbọ̀n mí lóhùn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

"Ṣé omi ò ní í ba nǹkan yẹn jẹ́?"

"Kò lè bà á jẹ́, Màmá."

"Gbé e wá. Ibo ni wọ́n ń tẹ̀?"

Mo fi bọ́tìnnì náà hàn án. Ó dì í mú lódìlódì, mo bá a yí i. Ó ní kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà. Ó ní òun náà fẹ́ èyí tí òun máa mú dání lọ síbi tí wọ́n ń mú òun lọ, kí òun rí nǹkan máa wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka nu omi ojú rẹ̀, ó wo fọ́tò náà títí.

"Wá wo ojú rẹ," ó ní. "Ṣé ojú tí o fi ń wò mí láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Mo wò ó. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ojú mi ràn, ètè mi wọ́ sísàlẹ̀. Ojú ẹni tó dúró létí sàréè ni. Ojú yẹn ni mo fi ń fún un ní omi mu láràárọ̀, òun ni mo fi ń bá a to ìrọ̀rí, òun ló ń rí gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú wo bóyá ó ṣì ń mí. Èmi tí mò ń ronú pé mo fi pamọ́ fún un.

"Mi ò mú èyí lọ ibì kankan," ó wí. "Padà síbẹ̀. Rẹ́rìn-ín."

Mo padà. Mo gbìyànjú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kọ̀, ó le bí ike. Mo ronú nǹkan ẹ̀rín, kò sí èyí tó wá. Ó ní kí n la ẹnu, mo la ẹnu. Ó ní kí n ṣí eyín, mo ṣí gbogbo eyín tí mo ní síta nínú òjò, omijé ń ṣàn, imú mi náà ń ṣàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí lórí kámẹ́rà náà, ẹ̀rín sì bú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rín in títí tó fi tẹ̀, tí ìfé àti ẹ̀rín dà pọ̀ lọ́fun rẹ̀. Ìborùn já bọ́ sínú bàsíà, òjò ń lu ọrùn rẹ̀ bó ṣe wà, ó gbójú sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé sì yọ síta láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tí mo fẹ́ nínú fọ́tò yẹn tí kò sí níwájú mi. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni ojú rẹ̀ kọ sí.

Ó mú kámẹ́rà náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, fọ́tò eléyín síta yẹn ló ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi han nọ́ọ̀sì, ó ní ọmọ òun nìyẹn o, kò mọ ẹ̀rín í rín. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó gbé e fún mi. Ó ní kí n lọ fi í kọ́ṣẹ́ ẹ̀rín, pé tí òun bá la ojú, òun ò fẹ́ rí ojú pósítà.

Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, màá dìde, ó sì ṣí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà fún àwọn ẹlòmíì kó tó ṣí fún wa.

Wọ́n ní ká wọlé. Báńdéèjì funfun yí ọrùn rẹ̀ ká, kò sí ìborùn. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò súfèé. Nígbà tó la ojú, mo fún un ní ẹ̀rín tó wà lọ́wọ́ mi, bó ṣe wù kó rí. Ó wò mí, ó wò mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka kan sókè díẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó sì tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà.